Èṣù Sọ Pé Òun Kọ́ Ló Fún Mi Lóògùn

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sún àga yẹn mọ́ ibí, nítorí itan mi ò ní jẹ́ kí n jẹ́ ẹ̀rí yìí lórí ìdúró. Irin bọ́m̀bù ṣì wà nínú rẹ̀, gbogbo yín lẹ mọ̀. Ẹ sì mọ̀ pé mi kì í sọ̀rọ̀ nínú ìjọ yìí. Ẹ̀yìn òpó ni mo máa ń jókòó sí, tí wọ́n bá sì ní kí ẹni tó ní ẹ̀rí bọ́ síwájú, ilẹ̀ ni mo máa ń wò. Lónìí mo ní ẹ̀rí, inú sì ń bí mi. Ẹ má sọ pé kí n rọra o. Mo ti rọra títí, rírọra ò gbé mi dé ibì kankan.

Ẹni tí kò bá mọ ọ̀rọ̀ mi, kó gbọ́. Sójà ni mí tẹ́lẹ̀. Èmi àti Délé, ọmọ Ìyá Délé tó jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún yẹn, la jọ wọṣẹ́, a jọ lọ ojú ogun. Délé kú síbẹ̀. Wọ́n gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sára òkúta níwájú gbọ̀ngàn ìlú pé akọni ni, akọni náà ni lóòótọ́. Èmi padà wálé láàyè, èmi ni wọ́n lé. Wọ́n bá oògùn oníhóró lára mi, èyí tó ń pa ìrora, tí mo ń gbé mì bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Wọ́n ní ìwàkiwà ni. Wọ́n já ipò Lánsì kúrò lápá mi níwájú gbogbo bárékè, wọ́n ní kí n máa lọ.

Ẹ̀yin ará, ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n tú èèyàn sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n lé e. Ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀, ilé ìwòsàn àwọn sójà á gbà á, dókítà tó mọ ọgbẹ́ ogun á la itan rẹ̀, á yọ irin rẹ̀ jáde. Ẹni tí wọ́n lé, ẹnu géètì ni wọ́n á ti dá a padà. Dókítà ìlú tó wo itan mi ní apá àwọn ò ká a, pé tí wọn ò bá tètè yọ irin yẹn, gígé ni wọ́n máa gé ẹsẹ̀ náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé sí àwọn ìgbìmọ̀ ní olú-ìlú, kí wọ́n bá mi yí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo padà. Kí "a lé e" di "a tú u sílẹ̀". Mo kọ, wọ́n kọ̀. Mo tún kọ, wọ́n tún kọ̀.

Bàbá Alàgbà ló ń bá mi kọ ọ́. Bàbá, ẹ má bínú sí mi, Ọlọ́run á bù kún yín, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Bàbá ní, "Ọmọ mi, wọn kì í na ẹni tó bá ti dọ̀bálẹ̀. Má wí àwíjàre. Sáà sọ fún wọn pé iṣẹ́ èṣù ni." Bẹ́ẹ̀ la ṣe kọ ọ́: iṣẹ́ èṣù ni, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ fojú àánú wò mí. Ṣé kì í ṣe bí gbogbo wa ṣe ń bẹ̀bẹ̀ nìyẹn? Àwọn ìgbìmọ̀ dáhùn pé àwọn rí i pé mi ò jiyàn ẹ̀ṣẹ̀ mi, mi ò sì sọ ohunkóhun tó lè mú kí àwọn yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ẹ̀bẹ̀ tí mo bẹ̀ ni wọ́n fi dè mí.

Lọ́jọ́ tí ìdáhùn ìkẹyìn dé, mo wá síbí lọ́sàn-án. Èmi àti Bàbá Alàgbà gbàdúrà títí òógùn fi bò wá. Nígbà tí a ṣe àmín tán, bàbá wọ yàrá lọ láti bẹ̀rẹ̀ ìwé mìíràn, èmi na ara sórí ẹní nítòsí pẹpẹ. Mo ní, "Olúwa, ó sú mi. Tí O bá ń gbọ́, sọ̀rọ̀. Tí O ò bá sì fẹ́ gbọ́, jẹ́ kí n mọ̀." Pẹ̀lú ìbínú yẹn ni oorun gbé mi lọ.

Ẹnì kan dúró tì mí. Aṣọ sójà ló wọ̀, ṣùgbọ́n funfun ni, kò sì sí àmì ipò kankan léjìká rẹ̀. Ó ní, "Dìde." Mo dìde, ẹsẹ̀ ò dùn mí! Mo fò sókè lẹ́ẹ̀kan láti dán an wò. Ó ní kí n tẹ̀ lé òun. Mo ní, "Yẹ́sà!" Ó ní, "Kò sí sà níbí. Ìránṣẹ́ ni mí."

A ń sọ̀ kalẹ̀ lọ níbì kan tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ooru kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà òórùn, lẹ́yìn náà ariwo. Mo rí ọkùnrin àti obìnrin tí wọ́n so pọ̀ ní ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn, iná wà láàárín wọn, bí èyí bá sá síwájú, á fa tọ̀hún sínú iná, bí tọ̀hún bá sá, á fa èyí. Mo bi í pé àwọn wo nìyí. Ó ní, "Àwọn alágbèrè." Mo rí ẹnì kan tí mo mọ̀ láàárín wọn. Mi ò ní dárúkọ, ó ti kú, ẹ yéé wo ara yín.

Níwájú díẹ̀, mo rí àwọn tó gbé géètì irin sẹ́yìn. Irin náà pọ́n bíi ẹyin iná, ẹ̀yìn wọn tẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń pariwo pé kí ẹnì kan bá àwọn ṣí i, kò sì sí ẹni tó dáhùn. Aṣáájú mi ní, "Àwọn aninilára. Géètì tí wọ́n tì mọ́ ẹni tó ń jìyà ni wọ́n ń gbé." Orí mi wú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ní, "Ta lò ń wá?"

Mo ní, "Ọ̀gá tó já ipò kúrò lápá mi."

"Kò tíì kú."

"Ṣé ó máa wá ṣá?"

"Ìyẹn ò kàn ọ́. Ó ṣì lè ronú pìwà dà."

Ẹ̀yin ará, ó dùn mí. Èmi tí mo ti fọkàn sí i pé ó kéré tán, màá rí ìyẹn fi tu ara mi nínú! Mo ń kùn lọ bẹ́ẹ̀ títí a fi dé ọ̀dọ̀ àwọn òpùrọ́.

Háà! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká débẹ̀. Ahọ́n ni wọ́n fi so wọ́n rọ̀, iná ń lá wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n fẹ́ kígbe, igbe ò lè jáde, ilẹ̀ ń mì, èéfín bo ojú mi, mo di aṣọ aṣáájú mi mú, mo ní ká máa lọ, ká máa lọ, ló bá di pé ohùn kan bú lẹ́yìn wa pé, "Ẹ dá sójà yẹn dúró!"

Mo bojú wẹ̀yìn. Èṣù ni. Kò ní ìwo bí wọ́n ṣe ń yà á. Ó jókòó, ó káwọ́ lérí, ó jọ àgbàlagbà tí wọ́n ti fẹjọ́ rẹ̀ sùn títí tí ayé fi sú u.

Ó ní, "Ìwọ lo ń fi orúkọ mi kọ̀wé kiri?"

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú."

"Iṣẹ́ mi pọ̀, mi ò sì sẹ́ èyí tí mo ṣe. Àmọ́ tìrẹ yìí, ọwọ́ mi ò sí níbẹ̀. Ta ló fún ọ lóògùn?"

Ilẹ̀ ni mo ń wò. Ó pariwo mọ́ mi, "Mo ní ta ló fún ọ!"

Mo ní, "Sájẹ́ǹtì wa ni. Ó pín in fún gbogbo wa ní àárọ̀ tí a fẹ́ wọ inú igbó, kí ẹ̀rù má bàa bà wá. Nígbà tí bọ́m̀bù wá bá mi nítan, wọ́n tún ń fún mi ṣáá níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú wa, títí ó fi wọ̀ mí lẹ́jẹ̀."

Ó yíjú sí aṣáájú mi. "Ṣé o gbọ́? Èmi dà níbẹ̀?"

Ẹ gbọ́ o, bàbá irọ́ fúnra rẹ̀ ló pè mí lópùrọ́! Ó na ìka sí àyè kan láàárín àwọn tí wọ́n fi ahọ́n so rọ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Mo figbe ta. Mo ní, "Mi ò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, ara mi ni mo purọ́ mọ́!"

Aṣáájú mi ní, "Ẹni tó purọ́ mọ́ ara rẹ̀, òpùrọ́ náà ni." Ó fà mí lọ́wọ́, a jáde.

Ibi tí a bọ́ sí tutù. Àwọn èèyàn jókòó lábẹ́ igi, kò sí ẹni tó ń kánjú, kò sí ẹni tó ń tò sẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Délé wà níbẹ̀, ó ń jẹ àgbàdo sísun òun àgbọn, bó ṣe máa ń jẹ ẹ́. Bó ṣe rí mi ló bú sẹ́rìn-ín. "Lánsì! Wọ́n ní o ti di àlùfáà oníwèé ẹ̀bẹ̀!"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló bọ́. Délé ní, "Kí ló dé tí o ò sọ òtítọ́ fún wọn?"

Mo ní, "Nítorí rẹ ni. Bí mo bá sọ pé Sájẹ́ǹtì pín in, wọ́n á bi mí pé ta ló tún lò ó. Ìwọ náà gbé tìrẹ mì, ojú mi ló ṣe. Orúkọ rẹ wà lára òkúta. Kí ni mo fẹ́ wí fún màmá rẹ?"

Ó gbé àgbàdo sílẹ̀. Ó ní, "Ta ló bẹ̀ ọ́? Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ibí, wọn ò bi mí léèrè oògùn tí wọ́n fún mi. Wọ́n ní ṣé lóòótọ́ ni mo padà sínú iná ogun lọ gbé ọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kí n wọlé. Lọ sọ fún màámi."

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin ará. Délé ti jáde kúrò nínú igbó yẹn. Èmi ló padà wá gbé. Ó gbé mi dé ibi ọkọ̀, òun náà ni ìbọn bá lẹ́yìn.

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n dúró. Aṣáájú mi ní ẹsẹ̀ mi ń dùn mí nílé ayé, kí n lọ bójú tó o. Ni mo bá lajú, ni ìrora bá gbá itan mi mú padà. Bàbá Alàgbà dúró lórí mi pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Wọ́n ní, "O jí? Mo ti bẹ̀rẹ̀ èyí tuntun, gbọ́ ọ wò: iṣẹ́ èṣù ni..."

Mo kígbe. "Ẹ pa á rẹ́, bàbá! Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń bọ̀ yìí!"

Mo tiro lọ bá Ìyá Délé. Sùtánà ìjọ ni wọ́n ń fọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú omi ọṣẹ, mo ro gbogbo rẹ̀. Wọn ò dáwọ́ fífọ̀ dúró. Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Nígbà tó pè mí kẹ́yìn lórí fóònù, ahọ́n rẹ̀ wúwo. Mo bi í, ó ní oògùn tí wọ́n fún àwọn ni. Láti ìgbà tí o ti dé ni mo ti ń bi ọ́ bí ọmọ mi ṣe lọ, ìwọ á ní ó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣé ọmọdé ni mí ni? O ò tiẹ̀ sọ fún mi rí pé ó padà wá gbé ọ." Ibẹ̀ ni omi ti bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Kọ ọ́. Kọ orúkọ Délé sí i. Èmi á tẹ̀ka síbẹ̀."

A ti kọ ọ́. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n á gbà, wọ́n tún lè kọ̀. Ó ń bí mi nínú bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, torí ẹsẹ̀ mi ò mọ̀ pé a ń retí ìdáhùn. Àmọ́ ẹ̀yin tí "iṣẹ́ èṣù ni" kì í wọ́n lẹ́nu yín, ẹ ṣọ́ra o, ó ń gbọ́. Èyí tó bá ṣe, ẹ fi bú u. Èyí tí èèyàn bá ṣe, ẹ dárúkọ ẹni náà. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń ti géètì mọ́ aláìsàn, mo ti rí géètì yín, ó ti ń pọ́n.

Mo ti sọ tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fà mí dìde. Rárá, ẹ fi í sílẹ̀ fún Ìyá Délé. Ọmọ wọn ló kọ́kọ́ gbé mi.