Fàjíníà Ń Lọ, Ẹ Bá Mi Ṣọ́ Pérégún

Alága wa, Tíṣà Ilésanmí, mo kí yín. Ìyáàfin Ṣóbọ̀wálé tó ń kọ́ wa ní ìṣirò, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá inú kíláàsì wa, ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí gbogbo yín, títí kan Adéolú.

Èmi Nùrẹ́nì, ọmọ Àmúsà bíríkìlà, ọ̀la ni mò ń lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Mùṣín. Bàbá mi ń kọ́lé fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó gba owó Údọ̀jì, àfikún owó oṣù tí ìjọba san fún wọn. Òun fúnra rẹ̀ kò gbà nínú ẹ̀, kò sì rí owó ilé-ìwé mi san mọ́. Ìwé mi parí síbí nìyẹn.

Ẹ rántí ọjọ́ tí Tíṣà fa ohùn Èkìtì yọ: "Ká ní àwọn ìlú mẹ́tàlá tó kúrò lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Amẹ́ríkà kò para pọ̀ ńkọ́? Ká ní kálukú dá ìjọba tirẹ̀ ṣe, ta ni ì bá ni ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn òkè?" Ẹ má bínú sà, ohùn yín ló dùn ún sín jẹ. Tíṣà wá fi orúkọ ìlú mẹ́tàlá yẹn pín wa. Mo di Fàjíníà, Adéolú di Pẹnsilfáníà, ẹ̀yìnkùlé ilé-ìwé di Òháyò, ilẹ̀ ẹ̀yìn òkè yẹn. Tíṣà ní ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣán igbó ibẹ̀ ló nilẹ̀. Èmi ni mo fi àdá lé ejò níbẹ̀. Èmi ni mo gbin pérégún sí ààlà, bí àwọn onílẹ̀ Ìkọ̀tún ti ń ṣe. Adéolú gun kẹ̀kẹ́ Ráléè tuntun dé, ó fa rúlà yọ, ó ní, "Èmi ni mo ní máàpù." Ṣé máàpù ló ń ṣán igbó?

Ṣé mò ń jowú ni? Mò ń jowú. Èmi ni mò ń tú atẹ́gùn táyà kẹ̀kẹ́ yẹn. Èmi ni mò ń fi ohùn bàbá rẹ̀ pè é kúrò lórí ilẹ̀ mi. Adéolú, má bínú. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí ju kẹ̀kẹ́ lọ ni ẹni tó ń jókòó lẹ́yìn rẹ̀ délé ní Bárúwà: Wàsílátù, tó ń jẹ́ Mẹ́rílándì, tí kò ní ilẹ̀ kankan lẹ́yìn òkè.

Lánàá, Adéolú bi mí: "Tó o bá ti lọ, ilẹ̀ yẹn di tèmi, àbí?" Mo ní kó dúró ná. Ìdáhùn rẹ̀ rèé: Wàsílátù, níwájú Tíṣà, mo fi Òháyò fún ọ, pẹ̀lú àgbàdo tí mo gbìn síbẹ̀. Má rẹ́rìn-ín jàre. Kì í ṣe pé mo lawọ́. Mi ò fẹ́ kó kan Adéolú ni. Tó bá fẹ́ kọjá, kó sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, kó tọrọ ààyè lọ́wọ́ rẹ. Ohun kan ni mo bẹ̀ ọ́: má para pọ̀ mọ́ Pẹnsilfáníà, ó kéré tán kí n tó wálé ọdún Iléyá.

Tíṣà, kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ jèrè wa. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ó páàsì. Adéolú, táyà rẹ kò ní jò mọ́. Ẹni tó ń tú atẹ́gùn rẹ̀ ti ń lọ.

Ẹ ṣé o. Ẹ bá mi máa bomi rin pérégún yẹn.