Ilà Márùn-ún Tí N Kò Kọ

Èmi Asaheli Pruitt ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ èyí. Bí lẹ́tà bá wọ́, ẹ má bínú, ìwé díẹ̀ ni mo kà. Mo ti ti ilẹ̀kùn. Àyà tó ń dùn mí kò ní jẹ́ kí n rí òjò ọdún tó ń bọ̀, n kò sì lè gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Ó ti ń rà nínú mi kí n tó kú.

Ó pé ọdún mọ́kànlélógún. Ìjọba orílẹ̀-èdè wa tuntun bá àwọn tó ni ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn odò Misisípì ṣe àdéhùn: máìlì mẹ́fà láti etí odò jẹ́ tiwa, ìyókù jẹ́ tiwọn. Ọ̀gá Lemuel Goss ni wọ́n rán kó lọ wọn ilẹ̀ náà, èmi ni mo ń di ìdí ẹ̀wọ̀n irin tí a fi ń wọ̀n ọ́n mú. Bí a bá na ẹ̀wọ̀n nígbà mẹ́wàá, màá fi ọ̀bẹ kọ ilà kan sára ọ̀pá. Ilà méjìdínláàádọ́ta ni máìlì mẹ́fà. Mo fi Bíbélì búra pé n kò ní fo ìkankan.

Ìyá àgbà kan ń tẹ̀ lé wa kó lè ṣe ẹlẹ́rìí fún àwọn èèyàn rẹ̀. Tàbítà ni àwọn míṣọ́nnárì sọ ọ́. Ilé rẹ̀ wà létí orísun omi kan tó kọjá máìlì mẹ́fà díẹ̀, ibẹ̀ ló sin ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì sí. Omi náà wọ Goss lójú.

"Asaheli, ṣé kò tíì rẹ ọ̀bẹ yẹn ni? Jẹ́ kó sinmi díẹ̀."

"Ọ̀gá, ìyá yẹn ń wò wá."

"Ṣebí ebi ń pa ọ́? Ní kó padà sí àgọ́ lọ se nǹkan wá."

Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí, o ń jẹun bí ìkookò tó ń fọ́mọ lọ́mú, o tún gbẹ bí igi. Ibo lò ń kó o sí?"

Nígbà tó lọ, a na ẹ̀wọ̀n nígbà àádọ́rin. Ilà méjì péré ni mo kọ dípò méje.

Nígbà tó gbé oúnjẹ dé, ó ní, "Mélòó lẹ kọ lẹ́yìn mi?"

"Méjì, ìyá."

"Méjì? Ọ̀lẹ ni yín." Ó bu àgbàdo fún mi, mo jẹ ẹ́, mo tún fi ìka nu abọ́. Ẹ wo irú ẹnu tí mo ní.

Ibi tí máìlì mẹ́fà wa parí sí kọjá ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Ó ka ọ̀pá náà lẹ́ẹ̀mejì: méjìdínláàádọ́ta. "Ẹsẹ̀ mi ti mọ ọ̀nà yìí láti kékeré," ló wí, "àbí ó ń parọ́ fún mi ni? Ọmọ, ìwọ sọ fún mi. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo tún gbé ọwọ́ lé Bíbélì. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá." Ó gbà mí gbọ́ ju ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ.

Sójà lé ìyá náà àti àwọn èèyàn rẹ̀ kúrò nígbà ìkórè. Ojú ọ̀nà ló kú sí. Wọ́n fi ilẹ̀ náà ta mí lọ́rẹ, omi rẹ̀ ni mò ń mu títí dòní.

Goss ti di adájọ́. Ó yà sọ́dọ̀ mi lánàá. "Ẹni tí àyà ń dùn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, Asaheli." Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń di ẹ̀wọ̀n mú lọ sí ìwọ̀-oòrùn, bí ọ̀gá yín bá ní kí ọ̀bẹ sinmi, ẹ ju ẹ̀wọ̀n sílẹ̀ kí ẹ máa lọ sílé. Ẹ̀yin yòókù, ẹ má tíì dárí jì mí. Àwọn ọmọ ọmọ ìyá náà ṣì wà láyé. Ẹ pè wọ́n, ẹ lọ sí etí odò, kí ẹ tún ilẹ̀ náà wọ̀n.