Ọmọ Onígíláàsì Tí Mo Tú Fó

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo mọ̀ pé àjọ wa ní kí n wá kọ́ yín bí a ṣe ń yẹ yunifásítì wò, kí ẹ̀yin náà lè máa ṣe iṣẹ́ tí mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. N ó kọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí mo gbé wá kì í ṣe èyí tí wọ́n ní kí n gbé wá. Dókítà ti sọ fún mi pé ọkàn mi ti rẹ̀. Àwọn ọmọ mi ń yọ́ rìn nínú ilé bí ẹni tó gbé awo sórí. Èmi náà mọ̀ pé ohun tí mo bá gbé mì lónìí, bóyá ni n ó tún rí àyè sọ ọ́. Mo ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Ẹnu iṣẹ́ yìí gan-an ni mo wà tí mo fi bà á jẹ́, tí gbogbo èèyàn ń pè mí ní Màmá Òfin, tí mo sì ń jẹ́ ẹ tẹ̀ríntẹ̀rín. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ọjọ́ náà ló pé yìí.

Yunifásítì aládàáni kan ló ní kí á wá yẹ dìgírì tuntun òun wò, bóyá ó tó kí àjọ wa fọwọ́ sí i. Dìgírì nínú ẹ̀kọ́ nípa òfin ni. Ẹ fetí sí i dáadáa, torí kì í ṣe dìgírì àwọn lọ́yà. Ẹni tó bá gbà á lè ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ilé ẹjọ́, ní báńkì, tàbí ní ilé iṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n kò lè wọ aṣọ dúdú kó dìde níwájú adájọ́. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, bí wọ́n bá ti là á yé ọmọ kó tó wọlé. Èmi ni àjọ wa yàn láti ṣe olórí ikọ̀. Wọ́n bi mí, bí wọ́n ṣe máa ń bi gbogbo wa, pé ṣé mo ní èèyàn níbẹ̀. Mo ní rárá. Bẹ́ẹ̀, olórí ẹ̀ka tó dá dìgírì náà sílẹ̀, ọmọ tí mo kọ́ ni. Kí ni mo tún ń pè ní kọ́? Inú ilé mi ló gbé, inú ìkòkò mi ló ti jẹun, èmi ni mo dúró bí ìyá lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé ọmọ tí a kọ́ kì í ṣe ẹbí. Ẹ wo bí ẹni tó mọ òfin ṣe ń fi òfin tan ara rẹ̀ jẹ!

Àwa méjì la lọ, èmi àti àgbà ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí a sọ ní Ẹ-Jẹ́-Á-Kà-Á, torí kò sí ohun tí wọn ì báà gbé síwájú ọkùnrin náà, títí kan bébà tí wọ́n fi wé búrẹ́dì, tí kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Ọmọ mi, olórí ẹ̀ka yẹn, fi àwọn olùkọ́ ẹ̀ka rẹ̀ hàn wá lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn wọ kóòtù, orí mi ń wú. Nígbà tó yá, ó kan ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nínú iṣẹ́ wa, kò sí ìpàdé tó tó ìyẹn. Gbogbo olùkọ́ á jáde, a ó ti ilẹ̀kùn, olórí ikọ̀ á sì ṣe ìlérí. Ẹnu mi yìí ló ṣe é: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ohun tí ẹ bá sọ nínú yàrá yìí, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ pé ẹ̀yin lẹ sọ ọ́." Wọ́n kọ́kọ́ ń wo ara wọn. Ọ̀kan yin pápá, èkejì yin fáànù. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, ọmọ tó bá dédé ń yin fáànù ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀rù ló ń bà á.

Ìgbà náà ni ọmọbìnrin kan nawọ́. Òun nìkan ló wọ gíláàsì nínú gbogbo wọn. Ó ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè sọ òótọ́?" Mo ní, "Sọ ọ́, ọmọ mi." Ó ní, "Kí á tó wọlé, wọ́n ní lọ́yà la máa dà. Lọ́yà ni bàbá mi ń pè mí nílé báyìí. Ọdún kejì la tó gbọ́ lẹ́nu ará ìta pé kò rí bẹ́ẹ̀. Tí a bá bi wọ́n, wọ́n á ní ká lọ kàwé wa. Àti olùkọ́ tí wọ́n fi hàn yín láàárọ̀, èyí tí wọ́n ní ó ń kọ́ wa ní òfin ẹ̀rí, mà, òní la ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i." Ẹ-Jẹ́-Á-Kà-Á gbé bírò sílẹ̀. "Ṣé ó dá ẹ lójú?" Ọmọ náà ní, "Sà, ẹ ní kó dárúkọ ẹnì kan péré nínú wa." Ó yẹ kí inú bí mi sí ọmọ tí mo kọ́. Ọmọ onígíláàsì yẹn ni inú ń bí mi sí, bí ẹni pé òun ló dá ilé mi wó.

Nígbà tí a sinmi díẹ̀, ọmọ mi fà mí wọ ọ́fíìsì rẹ̀. Ó fún mi ní ohun mímu tútù, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì kúnlẹ̀. "Màmá mi, ojú yín ti yí padà. Kí ni wọ́n sọ?" Mo ní, "O mọ̀ pé mi ò lè sọ." Ó ní, "Èmi mà ni, Màmá. Bí dìgírì yìí bá ṣubú, wọ́n á lé mi. Wọ́n á tún ní ẹ̀kọ́ tí Màmá Òfin kọ́ mi náà nìyẹn." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Orúkọ mi ni mo ń rò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìfẹ́ nìkan ni. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Àwọn ọmọ tó ń wọ gíláàsì wọ̀nyí, ojú wọn ń ríran jù." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ mi wọlé tọ̀ wá pé òun fẹ́ ká mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tó jí ìwé wò nínú ìdánwò, pé ó ń ba ilé ẹ̀kọ́ lórúkọ jẹ́ káàkiri kí wọ́n má bàa bá a wí. Ó ṣàpèjúwe rẹ̀, gíláàsì ló fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ-Jẹ́-Á-Kà-Á ní, "Ẹ jẹ́ á kà á. Ìgbà wo ni ẹ̀sùn yìí bẹ̀rẹ̀?" Ọmọ mi wojú mi. Mo ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ abẹ́lé wọn nìyẹn. Dìgírì la wá yẹ̀ wò, a ò wá yẹ ìwà ọmọ kan wò." Ọkùnrin náà wò mí títí, ó kẹ́dùn, ó sì fọwọ́ sí ìwé àbọ̀ wa. A fún dìgírì náà ní máàkì tó ga jù. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ pé àwọn olùkọ́ wọn pé, wọ́n sì dáńgájíá.

Ẹ rò pé ó tán síbẹ̀? Èyí tó burú jù ló kù. Ọmọ náà wá nọ́ńbà mi rí, ó pè mí. "Mà, ẹ kú iṣẹ́. Èmi tí mo wọ gíláàsì ni." Mi ò béèrè pé gíláàsì wo. Ó ní, "Wọ́n fẹ́ lé mi, mà. Wọ́n ní mo jí ìwé wò. Kò sẹ́ni tó fẹ̀sùn kàn mí kí ẹ tó wá. Ẹ ṣáà bá mi sọ fún wọn pé mo ti bá yín sọ̀rọ̀ kí ẹ̀sùn yẹn tó jáde. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè gbà mí." Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo wú ikọ́ àgbà, mo ní, "Ọmọ mi, mo ṣèlérí pé ohun tí a sọ nínú yàrá yẹn ò ní jáde. Mi ò lè da ìlérí mi." Ìlérí tí mo ti dà, òun náà ni mo tún fi bora! Ó ní, "Ó dáa, mà. Ẹ ṣé tí ẹ pa á mọ́." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ wò ó, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n lé e, kò sì sí yunifásítì mìíràn tó gbà á.

Láìpẹ́ yìí ni mo wá a lọ. Mo bá a ní ṣọ́ọ̀bù kan tó kọjú sí ilé ẹjọ́, ó ń bá àwọn lọ́yà tẹ̀wé. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, orúnkún kọ̀, òun ló tún gbé àga fún mi. Mo sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ sọ fún wọn?" Mo ní, "Èmi ni." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọ̀rẹ́ mi ni mo rò pé ó ṣe é, mà. Ẹni tí a jọ ń sùn ní yàrá kan náà. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú." Nígbà tó nu ojú tán, ó ní, "Mi ò lè parọ́ fún yín pé mo ti dárí jì yín. Ẹ lọ sọ ọ́ ní àjọ yín, kí gbogbo wọn gbọ́." Ìdí tí mo fi wá rèé. Láàárọ̀ yìí, ọmọ tí mo kọ́ gbọ́ pé mo fẹ́ wá sọ ọ́ níbí, ó pè mí, ó ń sunkún, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?" Mo fẹ́ràn rẹ̀ síbẹ̀, ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n máa rí oorun sùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì kéré, ibi tí ẹ bá ti ní èèyàn, ẹ má lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni bá dalẹ̀, á bálẹ̀ lọ, èmi ti ń lọ ná. Ẹ má tíì bá mi bẹ Ọlọ́run. Akọ̀wé àjọ wa, ìwọ tí o jókòó síbẹ̀ yẹn, mú bírò, kọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí sílẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́, n ó fọwọ́ sí i: Ọmọ náà kò jí ìwé wò rí. Òótọ́ ló sọ fún wa, èmi ni mo tà á.