Àkísà Pupa Tó Wà Lára Okùn Ẹ́ńjìnnì

Kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn, ìyàwó, mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mi ò bá ọ jà, ọkọ rẹ ni mo ń wá, àbúrò mi ni, ọmú kan náà la jọ mu, òòlù yìí ni màá sì fi la orí rẹ̀ bó ṣe la orí ẹ́ńjìnnì mi. Kó má fi ẹ̀yìn rẹ ṣe odi. O ń gbọ́ mi nínú yàrá yẹn, akánjú!

Odindi ọjọ́ mẹ́ta, ìyàwó. Ojú rẹ kúkú ló ṣe. Mo da ikùn délẹ̀ lábẹ́ katakata bàbá wa, nídìí ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń jí ńlá, torí ńlá yẹn kì í dá jí, àfi kí kékeré kọ́kọ́ ké. Ojú ọ̀nà omi inú rẹ̀ ti dí pátápátá, ẹrẹ̀ odò ogún ọdún àti ìpẹtà ló dì síbẹ̀. Mo fi wáyà họ ọ́, mo fi òòlù kàn án jẹ́jẹ́, mo fẹnu fa rọ́bà títí mo fi gbé omi ìpẹtà mì. Ọkọ rẹ ńkọ́? Ó ń bi mí pé ìgbà wo ni yóò tán.

Lánàá mo wá fi àkísà dí ihò ìsàlẹ̀, mo da omi kíkan sí i kó máa jẹ ìpẹtà tó kù. Ṣé mo wá dákẹ́ ni? Òfin bàbá wa ni pé ẹni tó bá dí ihò ẹ́ńjìnnì, kó ya lára àkísà náà, kó so ó mọ́ okùn tí a fi ń fà á, kí ẹnikẹ́ni má baà fà á láìmọ̀. Mo so ó. Pupa ni, epo ti bà á jẹ́, ṣùgbọ́n afọ́jú á rí i. Ọkọ rẹ jí láàárọ̀, ó bu omi sí i, ó fa okùn, ó fi í sílẹ̀ kó máa ké, omi ò rí ọ̀nà kọjá, kí n tó sáré dé ibẹ̀ orí ẹ́ńjìnnì ti là pàù, omi gbígbóná sì bó mi lápá. Wò ó. Ẹran ara mi nìyẹn.

Òjò ti dé, gbogbo èèyàn ti ń kọ ebè, tiwa nìkan ni yóò hu koríko lọ́dún yìí. Kí la máa jẹ? Ṣé irin tó là yẹn la máa sè? Bí mi ò bá là á lórí lónìí, kì í ṣe bàbá mi ló bí mi.

Ó ní òun ò rí àkísà kankan? Irọ́ ni. Àkísà ò lọ́wọ́ tí yóò fi tú ara rẹ̀.

Kí lo ń sunkún fún? Sọ̀rọ̀ sókè. Ta ló tú u?

Ìwọ.

O ní ó dọ̀tí. Ìwọ tí kì í jẹ́ kí ìdọ̀tí sun ilé. O wá fọ̀ ọ́. Níbo ló wà? Orí okùn aṣọ lóhùn-ún, láàárín ìlédìí ọmọ àti ṣòkòtò mi. Háà. Wò ó bó ṣe mọ́ tónítóní.

Ta ni mo máa wá pa báyìí? Ìyàwó, gba òòlù yìí lọ́wọ́ mi. Gbà á kíá. Kí ọkọ rẹ má sì tíì jáde o, mi ò tíì mọ ojú tí màá fi wò ó.