Ọ̀pá Àárọ̀, Igi Ọ̀sán

Tọkọtaya àgbà kan ló jókòó sẹ́yìn mi nínú ọkọ̀ Akanran, ohùn ìyàwó ni mo kọ́kọ́ gbọ́.

"Bàbá Ramọ́tà, igi àràbà tí wọ́n ń bọ̀ wá gé lọ́la, tí lékèélékèé ń sùn lé lórí, ẹ ní kò ga ju ilé wa lọ?"

"Mo wọ̀n ọ́n ni. Mo ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ láàárọ̀, òjìji rẹ̀ gùn tó ọ̀pá lọ́nà méjì. Mo wá wọn òjìji igi, mo pín in sí méjì. Àlàfo tó wà láàárín òun àti ilé jù bẹ́ẹ̀ lọ; tó bá wó, kò lè kan ilé."

"Ìgbà wo lẹ wọn ti igi?"

"Nígbà tí mo kírun àìlà tán."

"Yéè! Ọ̀pá àárọ̀, igi ọ̀sán!" Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta. "Ṣé òjìji kì í súnkì lọ́sàn-án ni? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wo òjìji kẹ́ ẹ tó pe ìrun làásárì!"

"Òjìji kì í parọ́, Ìyá Ramọ́tà."

"Kò parọ́. Ẹ̀yin lẹ gbọ́ ẹjọ́ ọ̀pá láàárọ̀, tẹ́ ẹ gbọ́ ti igi lọ́sàn-án, tẹ́ ẹ wá dá wọn lẹ́jọ́ pọ̀. Tí igi yẹn bá wó lu òrùlé mi lọ́la, ẹ pín òun náà sí méjì!"