Wọ́kí-tọ́kì Odò Tí Omi Kò Gbọdọ̀ Kàn

Mùyídíìnì! Má wábi gbà, jókòó! Orí àga ṣọ́ọ̀bù rẹ yìí náà lo wà nígbà tí mo sọ fún ọ pé orí omi ni mò ń lọ. Mo sọ àbí n kò sọ? Mo ní Igbókọ̀dá ni mo ti ń ra ẹja, mo ní fóònù kì í gbé lórí odò níbẹ̀, bá mi ṣa wọ́kí-tọ́kì méjì, ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún Ìyá Fàòsíyà, ká lè ké síra wa bí nǹkan bá ṣe ọkọ̀ ẹnì kan. Ìwọ wá mú èyí tó ń dán yinrin, o ní, "Màmá, òun làwọn ẹ̀ṣọ́ báńkì ń lò." Ṣé odò ni wọ́n ń ṣọ́ ní báńkì ni?

Ẹ́ńjìnnì kú mọ́ wa lágbedeméjì omi! Ọkọ̀ Ìyá Fàòsíyà ti ṣíwájú, àwa ń fì bí akèrègbè òfìfo. Mo fa nǹkan yìí yọ, mo tẹ bọ́tìnnì bí o ṣe ní kí n tẹ̀ ẹ́. Ṣebí àgbà ni Ìyá Fàòsíyà, òun ló fà mí wọnú òwò ẹja nígbà tí bàbá àwọn ọmọ mi kú, ṣé kí n kàn pariwo lé e lórí bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé? Mo kúnlẹ̀, ọkọ̀ fì, awakọ̀ ń bú mi, mo ń kí ìyá: ẹ kú ìrìn, ẹ kú orí omi, àwọn ọmọ ńkọ́? Àṣé òun náà ti tẹ tirẹ̀, awakọ̀ rẹ̀ ló sọ fún mi lẹ́yìn náà, ó ń bi mí léèrè ilé, ó ń bi mí léèrè orúnkún! A kíra wa títí, kò sẹ́ni tó gbọ́ ẹnì kejì.

Kí lo wí? Pé kéèyàn yọwọ́ lórí bọ́tìnnì kí ẹnì kejì tó fèsì? Háà! Ìsinsìnyí lẹnu rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ là!

Ibi tí mo ti ń kí ìyá ni ìgbì ti ta omi sí wọ́kí-tọ́kì ọwọ́ mi. Ó ṣe ṣíṣíṣí, ó dákẹ́. Wọ́láì, gèlè orí mi ló gbà wá, mo tú u, mo ń jù ú lókè títí àwọn apẹja fi rí wa. Ìyá Fàòsíyà ò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, ó ní mi ò kí òun, ó ní ìgbéraga ẹ̀rọ ló wọ̀ mí.

O tún ń rẹ́rìn-ín? Ọjọ́bọ̀ ni mò ń padà lọ o! Pọn omi kún bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn. Wọ́kí-tọ́kì tí o fẹ́ fi pààrọ̀ eléyìí fún mi, jù ú sínú rẹ̀ lójú mi báyìí. Bó bá léfòó, tó sì ń sọ̀rọ̀, mo gbé e. Bó bá rì, tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ìwọ ni màá gbé sínú ọkọ̀. Ẹnu tó ta eléyìí fún mi, á dé ọkọ̀ kejì láìlo bátìrì!