Táyà Tí Kò Jò

Ẹ̀yin ará Fẹ́sítáàkì, ẹ kú aráfẹ́rakù. Ẹ̀yin Agboju tẹ́ ẹ ti ṣọ́ọ̀bù pa nítorí Àǹtí Bùnmí, ẹ ṣeun. Ẹ má sunkún jù o! Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ló lọ, ẹ̀rín ló sì fi lo ọ̀pọ̀ rẹ̀.

Èmi ni Ògúndípẹ̀ tó ń lẹ táyà l'Ágboju. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lóṣù kan ni Àǹtí gbé táyà kan náà wá bá mi. Mo rì í bọ omi, omi ò hó. Mo ní, "Àǹtí, táyà yìí ò jò o." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín: "Mo mọ̀. Èmi ni mo tú afẹ́fẹ́ ẹ̀. Jókòó, kí ni wọ́n ń pe imú nílùú yín?"

Iṣẹ́ wọn nìyẹn, wọ́n ń wádìí èdè. Ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ ló wà nínú ìwé wọn: imú, etí, omi, iná, ilé. Wọn ò gba ọ̀rọ̀ bíi fóònù, wọn ò gba ìrẹsì. Wọ́n ní èèyàn lè yá ìyẹn lọ́wọ́ àlejò. Èdè kọ̀ọ̀kan ní ìlà tiẹ̀. Wọ́n á ka èyí tó jọra, wọ́n á fi mọ bí èdè méjì ṣe bára tan tó. Ọjọ́ tí Dennis tó ń ta páàtì mọ́tò lọ́jà Trade Fair sọ pé "ntị" ni Ígbò ń pe etí, wọ́n gbá a mọ́ra: "Àbúrò mi!" Síbẹ̀ wọ́n mú un jókòó ka mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún tó kù. Igi kan kì í dá igbó ṣe.

Àmọ́ èmi, mo ya olóríkunkun. Ará Èkìtì ni mí. Nígbà tí mo dé Èkó, mo lanu sọ̀rọ̀, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi fi mí rẹ́rìn-ín títí mo fi sunkún. Mo búra pé ará ìta ò ní gbọ́ Èkìtì lẹ́nu mi mọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni Àǹtí fi bẹ̀ mí. Mo ní kí wọ́n lọ bá ará Èkìtì mìíràn. Wọ́n ní, "Ògúndípẹ̀, tìẹ ni mo fẹ́ gbọ́. Ojú ò kán mi."

Lánàá, Ṣìmí ọmọ wọn gbé ìwé náà wá. Orúkọ mi wà lórí ìlà Èkìtì, ìlà náà sì ṣófo láti òkè délẹ̀. Ó dùn mí, ẹ̀yin èèyàn. Ó dùn mí gan-an.

Ṣìmí, mú báírò. Imú: umú. Iná: uná. Ẹ rẹ́rìn-ín o! Ẹ rín in dáadáa, ẹ̀rín yín ò ta mí mọ́. Àǹtí ì bá rín jù yín lọ.

Àǹtí Bùnmí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ àlejò di ọmọ ìyá, Ọlọ́run á gbà yín tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹ má tú afẹ́fẹ́ táyà lọ́nà o, ẹ máa lọ tààrà. Ilé lẹ ń lọ.

Ṣìmí, kọ ọ́ sílẹ̀: ulé.